Àrá Jìnnà sí Ọ̀túnba

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa pè yín ní ẹni ńlá, ẹ sún mọ́ ibí díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò sì ní ju agbádá kan lọ, ẹ jókòó jẹ́jẹ́ kí ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Ọ̀túnba Ẹnjiníà Ọláòtán Adéṣínà ni mo fẹ́ sọ, alága Ìgbìmọ̀ Amójútó Mànàmáná fún Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti agbègbè wọn. Bí ẹ ò bá gbọ́ orúkọ ìgbìmọ̀ náà rí, ẹ̀bi yín kọ́. Ọ̀túnba fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún lọ́jọ́ tí wọ́n fi í ṣe alága.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àrá sán pa agbo ewúrẹ́ kan lórí òkè ní Ọ̀kà, àwọn àgbẹ̀ sì fárígá pé àfi kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Àwọn aláṣẹ dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ju agbára aláṣẹ lọ, ìgbìmọ̀ ni wọ́n ń dá sílẹ̀ fún un. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rí i pé Ọ̀túnba ló wọ agbádá tó fẹ̀ jù nínú yàrá lọ́jọ́ náà, wọ́n bá fi í ṣe alága. Ní ti Ẹnjiníà tó wà níwájú orúkọ rẹ̀, ó tún fáànù òkè àjà kan ṣe nígbà kan rí ní Ṣúpárè. Fáànù náà ń yí títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdìkejì ló ń yí sí.

Láràárọ̀ tí Ọ̀túnba bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde dúró. Abdulqoyum, akọ̀wé rẹ̀, á gbóhùn sókè, á ní, “Aṣíwájú Òjò! Baba Ìsàlẹ̀ Mànàmáná! Ọkùnrin tí àrá ń rí tí ń dọ̀bálẹ̀!” Ọ̀túnba á gbọ́wọ́ sókè díẹ̀, á ní, “Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Mo kórìíra àpọ́nlé.” Bí ẹnì kan bá wúkọ́ láàárín oríkì náà, Ọ̀túnba á jáde padà síta, á tún wọlé, kí wọ́n lè kì í láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò sí ní Ìkàrẹ́ rárá. Àkúrẹ́ lọkàn rẹ̀ wà. Ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dá irú ìgbìmọ̀ yìí sílẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀, àti pé wọ́n máa yan Ọ̀gá Àgbà kan tí yóò máa gun mọ́tò dúdú, tí ẹlòmíràn yóò sì máa ṣílẹ̀kùn fún. Ọ̀túnba ti ń kọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó máa ń dúró gbagidi níwájú ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ ní Ọ̀kà, títí Nafisah ìyàwó rẹ̀ á fi pariwo láti inú ilé pé, “Daddy, ilẹ̀kùn ò tì o.” Ipò Àkúrẹ́ yìí ni gbogbo ayé rẹ̀ dúró lé. Ó fẹ́ ẹ débi pé oorun rẹ̀ ò tó nǹkan mọ́.

Dókítà Raliat, olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì Àkùngbá, ló gbé àpótí méjì wá fún ìgbìmọ̀. Mo pè wọ́n ní àpótí kí ẹ má baà fojú kéré wọn. Ike áísìkiriìmù ni wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe wọ́n nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ó yọ irin dúdú inú rédíò àtijọ́, ó wé wáyà kọ́pà mọ́ ọn, ó so ó mọ́ bátìrì àti ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tó ìdajì àtẹ́lẹwọ́, ó ki síìmù fóònù bọ̀ ọ́, ó sì dé ike náà pa.

“Ẹ rántí bí rédíò ṣe máa ń ké kara-kara bí mànàmáná bá kọ, sà?” ló bi Ọ̀túnba. “Ariwo yẹn ni ike yìí ń tẹ́tí sí. Bí ariwo náà bá ṣe rí ló fi ń fojú dá bí mànàmáná ṣe jìnnà sí i tó, á sì fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́. Ó ń fojú dá a ni o, kì í ṣe pé ó fi téèpù wọ̀n ọ́n.”

“Mo mọ̀,” ni Ọ̀túnba wí. “Èmi gan-an ti ń rò ó láti kékeré.”

Wọ́n gbé ike kan sí Ìkàrẹ́, wọ́n gbé èkejì sórí òkè ní Ọ̀kà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ò le: bí tẹ́ẹ̀sì bá ti wọlé, Abdulqoyum á fi gbohùngbohùn kéde fún ará ìlú, kí àgbẹ̀ lè kúrò lóko, kí ẹni tó sá nǹkan sóòrùn sì lè tètè kó o. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè lóye ni. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí, àwọn ọmọdé lóye rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni àrá àkọ́kọ́ sán. Tẹ́ẹ̀sì méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ike Ìkàrẹ́ ní kìlómítà mẹ́ta. Ike Ọ̀kà ní kìlómítà mẹ́tàdínlógún. Ọ̀túnba ka méjèèjì, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

“Abdulqoyum, àrá mélòó ló sán?”

“Ẹyọ kan ṣoṣo ni, sà.”

“Ẹyọ kan. Báwo ni àrá kan ṣe wá jìnnà lọ́nà méjì? Èwo ló ń parọ́ fún mi nínú ike méjèèjì yìí?”

Ó pe Raliat. Raliat ṣe sùúrù dé ibi tí sùúrù dé, ó ní kò sí èyí tó ń parọ́. Ó ní, “Àrá yẹn sún mọ́ Ìkàrẹ́ ni, sà, ó wá jìnnà sí Ọ̀kà. Ẹ wo èmi tí mo wà ní Àkùngbá. Ìkàrẹ́ ò jìnnà sí mi. Ṣé ẹni tó wà ní Ọ̀wọ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀?”

“Dókítà, ẹ má fi ìwé bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí ní Àkúrẹ́ pé báwo ni àrá ṣe jìnnà tó, ṣé kí n wá sọ pé ó kù sí ọwọ́ ibi tí ẹni tó ń béèrè bá wà?”

“Ohun tó yẹ kí ẹ sọ gan-an nìyẹn, sà.”

Ọ̀túnba rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àwọn ẹni ńlá máa ń rín láìla ẹnu. Lọ́jọ́ kejì, ó pe ìpàdé pàjáwìrì. Nígbà tí gbogbo ìgbìmọ̀ ti jókòó, ó nà ró, ó tún agbádá rẹ̀ ká sí èjìká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, “Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí a bá fẹ́ pín obì, ọ̀dọ̀ ta ni a ti ń bẹ̀rẹ̀?”

“Ọ̀dọ̀ àgbà ni, sà.”

“Bí a bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn níbi ìpàdé ń kọ́?”

“Ọ̀dọ̀ àgbà náà ni, sà.”

“Ta wá ni àgbà nínú ọ̀rọ̀ mànàmáná ní gbogbo Àkókó?”

Olúkúlùkù ń bẹ̀rù kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú òun dáhùn ni. Bí wọ́n ṣe wá ké “Ẹ̀yin ni, sà!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn, tí ògiri fi mì.

“Ó dáa. Láti òní lọ, ọ̀dọ̀ mi ni a ó ti máa ka ìjìnnà àrá. Ibi tí mo bá wà ni ìbẹ̀rẹ̀. Àrá kan, ìjìnnà kan.”

Omijé ayọ̀ jáde lójú Abdulqoyum, ó sì dúró síbi tí Ọ̀túnba ti máa rí i. Wọ́n já wáyà ike Ìkàrẹ́. Wọ́n gbé ti Ọ̀kà sínú búùtù mọ́tò Ọ̀túnba, lórí tìmùtìmù aláwọ̀ pupa, kí ó lè máa bá a lọ síbi gbogbo. Raliat ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbé ike tí wọ́n já wáyà rẹ̀ lọ sílé, nígbà tó sì dé inú mọ́tò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

Kò pẹ́ tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ ọjà ni. Ojú ọ̀run Ìkàrẹ́ dúdú bí ìdí ìkòkò, afẹ́fẹ́ ń gbé ìborí lórí àwọn obìnrin. Ọ̀túnba wà nílé rẹ̀ ní Ọ̀kà, ó ń sinmi. Abdulqoyum gbé gbohùngbohùn sẹ́nu láàárín ọjà, ó ní, “Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, àrá wà ní kìlómítà méjìdínlógún sí Ọ̀túnba. Ẹ fọkàn balẹ̀.” Kò tíì pa ẹnu dé tí àrá fi sán lu igi máńgòrò ẹ̀yìn gáréèjì. Gbogbo ọjà fọ́n ká. Abdulqoyum rá wọ abẹ́ lọ́rì kan, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ibẹ̀ náà ló ti ń kéde pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n òjò pa kòkó Kafilat. Kafilat yìí ló ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ní pèpéle síméńtì gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó ń sá a sí, kì í sì í ṣe obìnrin tí ènìyàn ń tàn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ronú sí ọ̀rọ̀ náà, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ.

“Wallahi, ike yẹn ò parọ́,” ló wí. “Ibi tí wọ́n bá gbé e dé ló ń sọ. Bí a bá fẹ́ kó sọ tiwa, àfi ká gbé e wá síbí. A ò sì lè gbé e wá láìgbé Ọ̀túnba.”

“Kí la fẹ́ ní kó wá ṣe?” ni ẹnì kan béèrè.

“Kó wá ṣí pèpéle.”

“Pèpéle tó ti wà láti ayé bàbá yín?”

“Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣí i rí ni?”

Bí òjò ṣe tún ṣú, wọ́n fi ọ̀kadà ránṣẹ́ sí Ọ̀túnba. Ó dé pẹ̀lú ike nínú búùtù, ó gé rìbọ́nnì, ó sọ̀rọ̀ lórí ipa tí pèpéle ń kó nínú ìtàn ọmọ aráyé. Ike ní kìlómítà mẹ́sàn-án, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ike ní mẹ́fà, wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an, wọ́n sì kó kòkó wọlé láìsí ẹyọ kan tó tutù. Ọ̀túnba rò pé òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Ìròyìn dé Ọ̀kà pé Ìkàrẹ́ ti rí ọgbọ́n dá, ni àwọn oníṣu Ọ̀kà náà bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pè é kó wá súre fún ebè. Ìkàrẹ́ pè é síbi wòlíìmọ́tù, Ọ̀kà pè é síbi ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí ọmọ tuntun tán nílẹ̀, wọ́n ní kó wá sọ ewúrẹ́ lórúkọ. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, aṣojú ìlú méjèèjì á pàdé níwájú géètì rẹ̀, wọ́n á máa fa ọwọ́ agbádá rẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Níbi ayẹyẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn mọ́tò ni gbogbo èrò máa ń ṣù bò. Ọ̀túnba ní mọ́tò náà ló wù wọ́n.

“Nafisah,” ló wí lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń bọ́ bàtà, “àwọn ènìyàn yìí fẹ́ràn mi ju bó ṣe yẹ lọ.”

“Kí ló dé tó jẹ́ bí òjò bá ṣú nìkan ni wọ́n máa ń fẹ́ràn yín, Daddy?”

“Nítorí pé ojú ọjọ́ ni agbára mi wà.”

Nafisah wò ó, ó ní òun fẹ́ lọ gbé omi kaná.

Ọjọ́ tí Ọ̀túnba ti ń retí wá pé. Ìyáàfin Ìbísọ́lá, akọ̀wé àgbà láti Àkúrẹ́, ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ìgbìmọ̀ lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkàrẹ́. Bí ohun tó rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ibẹ̀ náà ni yóò ti kéde Ọ̀túnba ní Ọ̀gá Àgbà. Obìnrin kúkúrú tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó jókòó, ó gbé báàgì lé itan, ó ń wo ohun gbogbo bí ẹni tó ń wo ẹja lọ́jà.

Ọ̀túnba dìde láti sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ó ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, pé àwọn àgbà sì wo ara wọn lójú. Ó ń bọ̀ wá dórí bí òun ṣe hu eyín nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ọ̀nà Òkè-Àgbè. Abdulqoyum wo fóònù, ó sún mọ́ ọn, ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ pé, “Mẹ́jọ ni, sà.”

Ara Ọ̀túnba bù máṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin pé bí àrá bá ti dín ní kìlómítà mẹ́wàá, kí gbogbo ènìyàn kúrò ní gbangba. Bí wọ́n bá kúrò, àlejò á padà sí Àkúrẹ́, ta ló mọ ìgbà tí yóò tún wá? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún bàtà ṣe, ó pe Uthman, awakọ̀ rẹ̀.

“Gbé mọ́tò, kí o sáré lọ sí Ọ̀kà.”

“Ẹ̀yin ń kọ́, Ọ̀gá?”

“Èmi ò lọ. Àpótí ni kó lọ.”

“Oga, no wahala,” ni Uthman wí, ó sì ta gáàsì.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ọkùnrin tó ní àrá kan ò gbọ́dọ̀ ní ju ìjìnnà kan lọ ló fi awakọ̀ ránṣẹ́ wá ìjìnnà mìíràn lọ yìí. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́ ni, ẹ ò rí i? Ó kàn jẹ́ pé òtítọ́ náà ò bá agbádá rẹ̀ mu ni.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn débi pé mọ́tò ti dé Ọ̀kà kó tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú ìtàn ayé rẹ̀. Abdulqoyum ń kéde lóòrèkóòrè. “Àrá wà ní kìlómítà mọ́kànlá sí Ọ̀túnba.” Ọ̀túnba rẹ́rìn-ín sí àlejò. “Àrá wà ní kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí Ọ̀túnba. Ẹ fọkàn balẹ̀.” Ọ̀run ti dúdú lórí wọn, tápólì àtíbàbà ń lu ara rẹ̀ pàtìpàtì.

Mànàmáná kọ yẹ̀rì. Raliat, tó jókòó sí ìlà kejì, kà á sókè: “Ení, èjì, ẹ̀ta.” Àrá sán.

“Kí lò ń kà?” ni Ìyáàfin Ìbísọ́lá bi í.

“Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló wà láàárín mànàmáná àti àrá, mà, nǹkan bíi kìlómítà kan nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wọlé.”

Kafilat àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti dìde. Mànàmáná tún kọ. Gbogbo pápá ló kà á lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò sì ré kọjá “ení” tí àrá fi sán gbàù lórí òpó àsíá. Àga dà wó, afẹ́fẹ́ ká àtíbàbà, tọmọdé-tàgbà sá wọ kíláàsì. Ọ̀túnba wà lábẹ́ tábìlì àpọ́nlé, ó ń wá ojú agbádá láti gbé orí jáde. Àwọn mẹ́ta ló lọ fà á wọlé.

Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ṣèṣe. Omi ń kán tó-tó-tó láti ara gèlè Ìyáàfin Ìbísọ́lá. Ibẹ̀ ni fóònù Abdulqoyum ti dún. Ìwà ò ṣeé fi sílẹ̀. Ó gbé gbohùngbohùn, ó kà á: “Àrá wà ní kìlómítà méjìdínlógún sí Ọ̀túnba. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

“Tún un kà,” ni Ìyáàfin Ìbísọ́lá wí.

Ó tún un kà.

“Àrá tó sán lórí wa nísinsìnyí?”

“Òun ni, mà.”

“Tó jẹ́ pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kan òpó àsíá tó sán lù láti ibi tí a jókòó sí?”

“Bí òfin ìgbìmọ̀ ṣe kà á nìyẹn, mà.”

“A jẹ́ pé Ọ̀túnba ò sí níbí.”

Ọ̀túnba jáde láti ẹ̀yìn pátákó ìkọ̀wé, agbádá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ewé mọ́ ẹ̀kọ. “Èmi rèé, mà.”

Ìyáàfin Ìbísọ́lá ò wò ó. Abdulqoyum ló ń wò. “Akọ̀wé, ṣé Ọ̀túnba wà níbí?”

Ẹ bá mi káàánú Abdulqoyum. Bí ó bá ní Ọ̀túnba wà níbí, irọ́ ló ti ń kéde láti àárọ̀. Bí ó bá ní kò sí níbí, ta ni ọkùnrin tó tutù yìí? Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ó wo àlejò. Ó rántí pé ọ̀dọ̀ àgbà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì rí i kedere ẹni tó jẹ́ àgbà nínú yàrá náà.

“Mà,” ló wí, ó dọ̀bálẹ̀, “kò sí Ọ̀túnba kankan níbí.”

“Mo wá láti kéde ẹnì kan,” ni Ìyáàfin Ìbísọ́lá wí, ó ń fún omi gèlè rẹ̀. “Ẹni náà ò wá. Bó bá dé láti Ọ̀kà, ẹ bá mi kí i.” Ló bá yíjú sí Raliat, ó béèrè iye ike tí Àkókó nílò. Raliat ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kó máa sọ tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kí òjò mìíràn tó rọ̀, wọ́n ti gba ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ Ọ̀túnba, Abdulqoyum sì ti rí oríkì tuntun fún ẹni tó gbà á.

Ó dun Ọ̀túnba, èmi náà mọ̀ pé ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ó tu ara rẹ̀ nínú. Ó ní Àkúrẹ́ lè lọ, ará ìlú ṣì fẹ́ràn òun. Nígbà tí òjò tún ṣú, ó wọ agbádá tó gbẹ, ó gbé àga sí iwájú ilé rẹ̀ ní Ọ̀kà, ó kọjú sí géètì. Ó jókòó títí. Ọ̀kadà ń kọjá, kò sí èyí tó yà. Ó wá nọ́ńbà Kafilat jáde, ó pè é.

“Kafilat, mo rí i pé òjò ṣú. Kí lẹ ń ṣí lónìí?”

“A ò ṣí nǹkan kan, sà. Kòkó la fẹ́ kó.”

“Ẹ ò wá ní ránṣẹ́ pè mí ni?”

Àánú Ọ̀túnba ṣe Kafilat, tòótọ́tòótọ́. “Ọ̀túnba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin kọ́ là ń pè nígbà yẹn. Ike yẹn là ń pè, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń bá a wá. A ti ní tiwa báyìí. Ó ti ní kìlómítà mẹ́rin o, sà, ẹ jẹ́ n sáré.”

Ọ̀túnba gbé fóònù sórí itan. Ó rò ó láti orí pèpéle dé orí ewúrẹ́ tó sọ lórúkọ, ojú sì tì í fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti di Ọ̀túnba. Òjò náà rìn díẹ̀díẹ̀ kúrò ní Ìkàrẹ́, ó gba Àkùngbá kọjá, ó dé Ọ̀kà. Mànàmáná kọ lórí òkè. Kò sí akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ike nínú búùtù. Ọ̀túnba la ẹnu, ó kà á fúnra rẹ̀, “Ení, èjì, ẹ̀ta,” àrá sì sán.

Ọjọ́ náà ló tó mọ bí àrá ṣe jìnnà sí òun tó. Ó ká agbádá rẹ̀, ó gbé àga, ó sáré wọlé.